Orúkọ Ẹni Tó Mọ Ìkòkò Oǹdó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Tóyìn kúrò ní Àkúrẹ́, a ń lọ sí Oǹdó. Èmi àti ẹ̀ la jọ jáde ní yunifásítì. Àwa obìnrin ẹgbẹ́ wa la kó ara wa jọ láti pàtẹ àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀la ni ìpàtẹ, àárín gbọ̀ngàn sì ṣófo. Ìkòkò aró kan ní Oǹdó la fi í sílẹ̀ dè.

Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, owó ọkọ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Mo bá awakọ̀ jà sí i.

"Àǹtí, ẹ wọlé ká máa lọ. Tó bá dọ̀sán, ẹ̀yin lẹ ó máa bẹ̀ mí."

Ní Ọ̀wẹ̀nà, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Kí n má parọ́, ó dùn ju tiwa ní Àkúrẹ́ lọ.

Màmá tó ni ìkòkò ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n kí wa títí, wọ́n sì ṣí ìkòkò náà. Háà! Ó dúdú, ó ń dán, alángbá tí wọ́n fín yí ọrùn rẹ̀ ká. Mo fa káàdì tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ láti gbé síwájú rẹ̀ yọ, mo kà á bí ọ̀mọ̀wé: "Ìkòkò aró, Oǹdó. Amọ̀kòkò: a kò mọ̀ ọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa níléèwé.

Màmá gbé ọwọ́ lé ìkòkò wọn. "Ìyá tó bí mi lẹ kọ pé ẹ ò mọ̀ yẹn? Ṣé ẹ bi mí ni? Kò ní kúrò níbí mọ́."

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ ibẹ̀. Tóyìn, tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, kúnlẹ̀, ó ń fi èdè ìlú wọn bẹ̀bẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo fa káàdì ya, mo mú ìwé mìíràn àti bírò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ wọn fún mi."

"Adékúnbi."

Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kà á, wọ́n tún ní kí n kà á sókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi wé ìkòkò náà.

"Ẹ rọra gbé ìyá mi o."

Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà la dì í mú kọjá, títí tó fi gúnlẹ̀ sí àárín gbọ̀ngàn. Inú wa dùn débi pé a fò sókè.

Nírọ̀lẹ́ tí mo délé, ojú mi lọ sí ọlọ ìyá ìyá mi nílé ìdáná. Ìyá Ìjàrè la máa ń pè wọ́n. Mo wá orúkọ wọn gan-an lọ́kàn mi, mi ò rí i. Mo pe mọ́mì mi lórí fóònù.

"Mọ́mì, kí lorúkọ ìyá yín?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Ọmọ́táyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kà á sókè sí wọn létí.