Ọkọ Mi Dọ̀bálẹ̀, Kò Mọ Ọwọ́ Tó Ṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ o, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Irun ni mò ń ṣe ní Mowe. Iṣẹ́ iná ni Délé ọkọ mi ń ṣe.

Ta ni kò fẹ́ràn Délé? Tó bá ti rí àgbàlagbà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀! Bàbá mi ní Ifọ̀ a máa sọ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí ò lè ṣìwà hù.

Délé ń lù mí. Ìgbátí ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di bẹ́líìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sá lọ sí Ifọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló kó àwọn àgbà ìjọ wa wá bẹ̀bẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀, á sunkún, Bàbá mi á sì ní, "Dìde, ọmọ mi, ó ti tán." Wọ́n á wá ní kí èmi náà kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi. Màá kúnlẹ̀, màá tẹ̀lé e padà. Ṣé ẹ rí ìwà òmùgọ̀?

Ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wa, Bísí, ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá kan nínú ilé wa, ń ṣe ìwádìí fún ẹ̀kọ́ saikọ́lọ́jì rẹ̀. Ó fún àwa tọkọtaya ní ìwé ìbéèrè. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń ka ìbéèrè fún Délé, mo sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi ara rẹ̀ yangàn.

Mo dé ibi tí wọ́n ti bèèrè pé bí ẹnì kejì rẹ bá ń sunkún, báwo ló ṣe máa ń rí lára rẹ. Ó ní kò rí bákan. Ó ní òun kàn máa ń wo ojú mi ni, kóun lè mọ ìgbà tó yẹ kóun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Mo ní ẹkún tó ń sun níwájú Bàbá mi ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà fẹ́ràn ẹkún.

Mo ní ohun tó sọ yẹn gan-an ni màá kọ síbẹ̀. Áà! Ó já ìwé náà gbà, ó fà á ya. Ó di irun mi mú, ó gbá orí mi mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo ṣubú, ó tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀, ó yí apá mi títí mo fi gbọ́ tí egungun dún. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò tiẹ̀ bínú mọ́. Ó kàn ń wò mí ni! Bísí àtàwọn ará ilé ló já ilẹ̀kùn wọlé, tí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Láti ilé ìwòsàn, Ifọ̀ ni mo gbà lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, Délé tún kó àwọn àgbà ìjọ wá síbẹ̀. Òtútù ń mú mi, mo ti fi ìborùn bo apá méjèèjì. Ó dọ̀bálẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, iṣẹ́ èṣù ni. Látìgbà tí mo ti ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́, oorun ò kùn mí. Ìrora ẹ̀ ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ."

Àwọn àgbà ń mi orí. Mọ́mì mi ti ń nu ojú. Bàbá mi ti lanu láti ní kó dìde.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í, ọwọ́ wo ni?"

Délé gbójú sókè. Ó wo ìborùn mi, ó wo ojú Mọ́mì, ó wo ti Bàbá, bí ẹni tó fẹ́ jí ìdáhùn wò.

"Ọ̀tún ni," ló wí.

Mo ṣí ìborùn. Òsì ni wọ́n dì ní báńdéèjì.

Bàbá mi dìde, kò sì sọ fún Délé pé kó dìde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó nà sí, ó wá dúró níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá ẹ padà fún un. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́." Mo bú sẹ́kún. Mi ò padà sí Mowe mọ́.

Bísí ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kan wà tí wọ́n lè mọ̀ dájú pé ó ń dun ẹlòmíràn, síbẹ̀ tí kò ní dun àwọn rárá. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ má fi ìdọ̀bálẹ̀ díwọ̀n ìrònúpìwàdà o! Ẹ bèèrè ohun tó mọ̀ nípa ìrora ẹni tó pa lára.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ rí? Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, ẹnì kan nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì ń lù ẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, má jókòó kọ nǹkan kan. Jáde ná.