Oúnjẹ Tí Mo Sè fún Jẹ́jẹ́, Ajá Ọmọ Mi

Òórùn ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n lè gbé abọ́ omi Jẹ́jẹ́ tó ti gbẹ, torí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ajá náà ti ń mumi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó gbé orí sókè, ó mí sí mi lójú, òórùn náà sì dà bíi ti ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn. Lẹ́nu Ráfíà, ọmọ mi obìnrin, ni mo ti gbọ́ ọ rí, ní àwọn ọjọ́ tó lò kẹ́yìn láyé.

Ráfíà ló ni Jẹ́jẹ́. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ṣe tíṣà, ibẹ̀ ló ti rí ajá náà ní kékeré létí ọjà ẹja, tó fi gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ wá sílé wa ní Lasunwon, n'Ìkòròdú. Bàbá rẹ̀, ọkọ mi, Mùsùlùmí gidi ni. Kò lu ajá náà rí, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án rí pẹ̀lú. Tí itọ́ ajá bá kàn án lára, àfi kó fọ̀ ọ́ kúrò kó tó lè kírun. Ẹ̀yìnkùlé ni Jẹ́jẹ́ ń gbé. Nígbà tí àrùn kíndìnrín mú Ráfíà lọ, ilé wa dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ajá náà a lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, èmi náà a gbé àpótí jókòó tì í. A kì í ṣe nǹkan kan. A kàn máa ń wà níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ òórùn náà, mo gbé Jẹ́jẹ́ jáde lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan kọ̀ láti gbé wa, wọ́n ní ajá á ba àga jẹ́. Èyí tó gbà ní kí n fi aṣọ wé e. Ní ilé ìwòsàn ẹranko tó wà nígboro Ìkòròdú, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Obìnrin kan di ewúrẹ́ mú, ọkùnrin kan di òkú adìẹ sínú ọ̀rá, torí ó fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn tó kù. Jẹ́jẹ́ gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi, ó ń bì díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi etí ìró mi nù ún lẹ́nu.

Obìnrin ni dókítà náà, ọ̀dọ́ ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fi àwọn egbò kéékèèké tó wà lára ẹ̀rìgì Jẹ́jẹ́ hàn mí. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, ó ní, "Mọ́mì, kíndìnrín rẹ̀ ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì jẹ́ kó ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà bó ṣe sọ ọ́. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí á bá ìtọ̀ lọ, ohun tó dáa á kù sára. Tó bá ti gbó, ìdọ̀tí á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń fa èébì, egbò ẹnu àti òórùn yẹn. Ajá tó ní in á máa mumi ṣáá, á máa tọ̀ ṣáá, á sì máa rù. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní sàn mọ́, àmọ́ oúnjẹ lè jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù pẹ́ díẹ̀.

"Ṣé ẹ lè máa se oúnjẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀?" ló bi mí. "Kò gbọdọ̀ síyọ̀ níbẹ̀ o."

"Mo ti sè é rí," mo dá a lóhùn. Kò yé e.

Mo ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀. Mo ń se ìrẹsì funfun títí á fi rọ̀ dáadáa, mo ń fi kárọ́ọ̀tì tí mo rin sí i, àti funfun ẹyin bíbọ̀, adìẹ díẹ̀ tí mo já wẹ́wẹ́, àti òróró díẹ̀. Kò sí màgí, kò sí edé, kò sí eegun. Kò sí àlùbọ́sà rárá, torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Dókítà ló sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ajá tiyín lè nílò ohun mìíràn, ẹ bi dókítà tiyín.

Jẹ́jẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú kúrò. Ojú yẹn náà, mo mọ̀ ọ́n: ojú ẹni tí ebi ń pa tí oúnjẹ sì ń rí lára. Mo gbé e padà sórí iná kó lọ́ wọ́rọ́, mo fi ìka mú díẹ̀, mo nà án sí i. Ó lá a. Ìyẹn nìkan ló jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kúnwọ́.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹyin. "Ìyá Ráfíà, ajá lẹ ń bó ẹyin fún? Èèyàn ń wá èyí tó máa jẹ!"

Mo ń bó ẹyin mi lọ, torí irọ́ kọ́ ló pa. Ọkọ mi ló dáhùn láti orí ẹní ìrun rẹ̀: "Fi í sílẹ̀ kó sè é. Ọmọ mi ló fi ajá sílẹ̀ fún un."

Láti ìgbà tí Ráfíà ti kú, n kò gbọ́ "ọmọ mi" lẹ́nu ọkùnrin yẹn mọ́. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń lọ ra adìẹ.

Oúnjẹ náà ràn án lọ́wọ́. Èébì dín kù, irun rẹ̀ ń dán, ó tún ń gbó mọ́ àwọn tó ń kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ohun tí dókítà kò ṣèlérí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ mọ ìrètí yẹn. Tẹ́ ẹ bá lé e, á tún gba ẹ̀yìn wọlé.

Ọdún kò yí po tó tún fi kọ oúnjẹ. Dókítà fa omi sí i lábẹ́ awọ, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró. Nígbà tí a lọ gbẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Mọ́mì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé. Oògùn ìrora rèé."

Lẹ́yìn ìrun àláásárì ló kú. Mo ti se ìrẹsì, kò wò ó. Ọkọ mi jáde wá, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró wò ó títí, ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé orí ajá náà lé itan ara rẹ̀. Itọ́ ń kán sára jalàbíà funfun.

Mo ní, "Bàbá Ráfíà, aṣọ yín."

Ó ní, "Omi wà. Màá fọ̀ ọ́."

Orí itan rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ kú sí. Igbe tí ọkọ mi ké lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ti ajá nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí.

Tí ajá yín bá ń mumi jù, tó sì ń rù, ẹ má dúró wò ó, ẹ tètè gbé e lọ. N kò ní parọ́ fún yín pé oúnjẹ á wò ó sàn. Kò wo tiwa sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara, tèèyàn ni o, tẹranko ni o, iṣẹ́ tí a kì í rí ló ń ṣe tọ̀sán-tòru, a kì í sì í dúpẹ́ rẹ̀ àfi tó bá dáwọ́ dúró. Nísinsìnyí, tí mo bá lọ tọ̀, mo máa ń sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, ọkọ mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi. Ebi ń pa mí, ojú sì ń tì mí pé ebi lè pa èèyàn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bu òkèlè kan, ó gba ọ̀fun mi kọjá. Mo sunkún díẹ̀, mo sì bu òmíràn.