Epo Tó Kù Nínú Táńkì

Èmi àti ọkọ mi kì í jà lórí nǹkan ńlá. Ohun tí a jà lé lórí kẹ́yìn ni epo ọkọ̀.

Iléepo kan lọ́nà Ìwó Road ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróò tí wọ́n po ẹtanọ́ọ̀lù mọ́, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó dínwó díẹ̀ sí tàwọn yòókù, ni ọkọ mi bá ń rà á sínú píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó pákó láti Bódìjà fáwọn kápẹ́ńtà káàkiri ìgboro. Píkọ́ọ̀pù ọ̀hún ti gbó. Mo ní kó má fi ọtí pa á.

"Alàájì tí kì í tọ́ ọtí wò, ẹ wá ń rọ ọtí fún ọkọ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọkọ̀ ń kírun ni?"

Bí mo ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn, tóun náà ń dá mi lóhùn, tí epo ọlọ́tí sì ń wọ táńkì. Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ náà. Ojoojúmọ́ ló ń rìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó rọ táńkì kún, ó gbé ọkọ̀ wọ àgbàlá wa ní Agbowó, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ kóun tó jẹun. Kò jí mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nínú ẹbí tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àyè olóògbé títí a ó fi ṣe fídáù ogójì ọjọ́. Ta ni màá bá jiyàn? Ìfẹ́ àbúrò wọn ló kúkú ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe dúró sínú òjò nìyẹn. Bí ọ̀fọ̀ bá ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, màá jáde lọ ṣí ìdérí táńkì, màá gbóòórùn epo. Ìrẹsì tó rà kẹ́yìn, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti jẹ ẹ́ tán. Epo yẹn nìkan ló kù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà wálé.

Nígbà tí a ṣe fídáù tán, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, mo sì fẹ́ gba awakọ̀ tí yóò máa fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ la ti ń jẹun. A yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Mẹkáníìkì tó ń bá ọkọ mi tún un ṣe wá, ó fa díẹ̀ nínú epo sínú ìgò. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀.

"Ìyàwó ọ̀gá, epo ọlọ́tí yìí ò fẹ́ ìdúró. Tó bá ń rìn, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ti dúró sínú òjò báyìí, ńṣe láá máa fa omi mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká dà á nù."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Tá a bá fi wa ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì máa bàjẹ́ ni."

Mo bínú sí i bí ẹni pé òun ló pa ọkọ mi. Mo ní kó fi ìwọ̀nba sílẹ̀ fún mi. Ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Nígbà tó yá, mo ní kó máa ṣe é. Bó ṣe ń tú u sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sunkún ju èyí tí mo sun lọ́jọ́ ìsìnkú lọ. Lọ́jọ́ yẹn, èrò ti pọ̀ jù. Mi ò lè wò ó tán, mo wọlé.

Ó rọ bẹntiróò tí kò lọ́tí nínú, ọkọ̀ dáhùn, ó sì gbé e jáde sí títì láti dán an wò. Ilé ìdáná ni mo wà, mò ń to abọ́, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn wọ àgbàlá, tó ké sókè lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń ké, tó wá dákẹ́. Mo tan gáàsì, mo gbé omi ẹ̀bà kaná, mo gbé abọ́ ọkọ mi sílẹ̀. Omi ti hó kí n tó rántí pé mẹkáníìkì ló dé.