Ibi Tí Wọ́n Sin Sofiyullah Sí

Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti pa Sofiyullah lójú ọ̀nà Òṣogbo ni ìyá rẹ̀, Mọ́ríátù opó, kò ti rí ẹkún sun. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà wọ́n tì í mọ́lé n'Ílobù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Yésúfù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ṣètò ìsìnkú. "Ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí la sin ín sí," ló wí. Ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí oorun sá pátápátá, tí gààrí ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, Mọ́ríátù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá Munirah, ọmọbìnrin tó ń gba àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nímọ̀ràn ní ọsibítù kan l'Óṣogbo.

"Ìyàwó," Yésúfù ní, "ò ń wọkọ̀ torí kí ọmọ kékeré lè bá ọ sọ̀rọ̀? Àwa tá a wà nílé, odi ni wá?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Munirah kò ní kó má sunkún, kò ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ó kàn ní: "Màmá, ẹ ò tíì dágbére fún un. Ẹ lọ síbi tó wà."

"Èèwọ̀ ni."

"Mo mọ̀, mà. Ta ni èèwọ̀ náà ń gbè?"

Ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé e délé. Ó kúnlẹ̀ fún Yésúfù pé kó mú òun lọ. "Ṣé o fẹ́ ya wèrè ni?" ni èsì tó gbà. Múdàṣírù, ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ sàréè náà, ni àánú rẹ̀ ṣe.

"Ìyá, ẹ má dárúkọ mi o."

Ọ̀kadà rẹ̀ kò yà sí ìtẹ́ òkú. Ó kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn, ó wọ oko tí Ìlobù àti Ìfọ́n ti ń jà lé lórí látọjọ́ pípẹ́. Sàréè kan wà láàárín pèrègún méjì, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Kò sí orúkọ Sofiyullah níbẹ̀. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì náà: ILẸ̀ ÌDÍLÉ WA NI. KÒ WÀ FÚN TÍTÀ.

Múdàṣírù ń wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ní ilẹ̀ tí òkú wa bá wà, àwọn ará Ìfọ́n ò ní lè gbà á."

Mọ́ríátù ti múra ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀: pé ọmọ náà kò jẹun kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé òun ló dá a dúró pẹ́ títí tó fi ń sáré. Kò lè sọ ọ́ níwájú sàréè tó ti di pátákó. Ó mú òkúta, ó fi ń ha ọ̀dà náà títí èékánná rẹ̀ fi ya. Ọ̀dà náà kò ṣí.

"Màmá, ṣé ẹ dágbére fún un?" Munirah bi í nígbà tó padà lọ.

"Ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó ń ṣọ́ ilẹ̀."

Munirah na áńkáṣíìfù sí i. Mọ́ríátù kò gbà á. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Tí mo bá kú, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi," ó ní. "Ilẹ̀ wọn á tún fẹ̀ sí i."