Ìyere, Níbi Tí Wọ́n Ti Fi Yorùbá Ìwé Dá Mi Lóhùn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi wà ní gáréèjì n'Ìbàdàn, inú mi kò sì dùn. Obìnrin tó ti ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé láti ọdún mẹ́rin, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti jẹ púpọ̀ nínú ọdún ọ̀hún, kí ni yóò dùn mọ́ ọn nínú? Ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ ni iṣẹ́ mi dá lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó o ti sọ fún mi pé òun ń lọ sí òkè òkun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọdún kan gbáko ni òun yóò sì lò níbẹ̀. "Bí o kò bá mú ohùn àwọn àgbà wá kí n tó lọ, ó di ìgbà tí mo bá dé." Ọdún kan mìíràn! Ọkọ mi ti ń bi mí pé ṣé ìwé ni mo ń kà ni, àbí mo ń hun ún.

Ọ̀wọ́n epo wà lóde. Awakọ̀ wa ra epo inú jálá lẹ́bàá títì, ó sì di ẹrù rẹ̀ lé wa lórí. Ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ ọdún tó kọjá ni a san. Láti Àkúrẹ́ dé Ùsò, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, èmi á gbá rẹ́kọ́dà tí mo yá mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Àǹtí, kí lẹ gbá mọ́ra tó báyìí?" Awakọ̀ ló bi mí.

"Ẹ̀rọ ni. Mo fẹ́ lọ fi gba ohùn àwọn ará Ọ̀wọ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ igbó. "Torí ìyẹn lẹ ṣe wá láti Ìbàdàn? Háà, ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ò níṣẹ́ ṣe!"

Mo gbé e mì. Ìyere àti Ifọ́n, ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, ni mo ti fẹ́ dé, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó ní epo tó lè gbé mi kọjá Ọ̀wọ̀. Ìyere tó wà nítòsí nìkan ni mo bá yà sí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni a fi ń jí nílé wa. Ní Ìyere, iyán ni wọ́n gbé ka iwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo tún tọrọ sí i. Ibi tí inú mi dùn mọ nìyẹn.

Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni onílé mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Tísà ni gbogbo ìlú ń pè é. Mo ti kọ̀wé sí i ṣáájú pé kó bá mi kó àwọn ìyá àgbà jọ. Ó kó wọn jọ lóòótọ́. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n ṣàlàyé: níbi tí àwa ti ń pe iṣu, ilé àti igbá, uṣu, ulé àti ugbá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "U" yìí gan-an ni mo wá wá. Mo tẹ ẹ̀rọ, mo gbé iṣu kan sókè, mo ní kí ìyá àkọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Ìyá wo ojú Tísà, ó na ọrùn. "I-ṣu ni à ń pè é."

"Iṣu ni," ìyá kejì sọ. Ìkẹta ní, "Iṣu tí Olúwa fi ta wá lọ́rẹ."

Orí mi gbóná. "Ẹ̀yin ìyá mi, nínú ilé ńkọ́, tí kò sí àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni!" Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Tísà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń kọ́ wọn. Mo ní yunifásítì ń bọ̀, a ò gbọdọ̀ dójú ti ìlú wa. Yorùbá gidi ni wọn yóò máa sọ."

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Mo pa ẹ̀rọ, ẹnu mi kò sì dùn mọ́. "Bàbá, ẹ ti bá tèmi jẹ́! Èyí tí ẹ ní kí wọ́n má sọ gan-an ni mo wá gbà. Ọ̀la ni mo ń padà. Bí n kò bá rí i, ọdún kan tún ti lọ lọ́wọ́ mi nìyẹn!"

Kò yé e. "Ìyẹn kì í ṣe èdè tí a ń sọ fún àlejò," ó ní.

Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, Ìyá Bọ́lá, ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ, Yorùbá ìwé ló ṣì fi sọ ọ́. "Ọmọ mi, má bínú. Tísà yìí na Bọ́lá mi ní kíláàsì nítorí pé ó pe iṣu bí a ti ń pè é nílé. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló wú. Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ ọ́ níwájú alákọ̀wé mọ́. Alákọ̀wé sì ni ìwọ náà."

Tísà ní, "Ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn..." Ó dìde lórí àga, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá yìí, tòun ti irun funfun rẹ̀. Èdè ilé wọn ló fi bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kíákíá ló ń sọ ọ́, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni mo gbọ́ níbẹ̀. Ìka mi ti tẹ ẹ̀rọ padà kí n tó mọ̀.

Ìyá Bọ́lá wò ó títí. "Tísà," ó ní, "mo rò pé o ti gbàgbé ulé."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀, ẹkún wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ta ló lè dá wọn dúró? Wọ́n sọ ti oko, wọ́n sọ ti ọkọ, wọ́n bú Tísà, wọ́n bú èmi náà pé mo rù bí igi ìdáná. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì mi tán ni mo sọ fún wọn pé ó tó.

Bí a ṣe ń já sí kòtò padà sí Ìbàdàn ni mo ń rò ó. Mo ti bínú sí àwọn ìyá wọ̀nyí bí ẹni pé wọ́n sọ èdè wọn nù. Wọn kò sọ nǹkan kan nù. Wọ́n fi í pa mọ́ fún irú àwa ni.

Mo gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ tààrà kí n tó délé. Ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó mi orí. "Èyí dára, iṣẹ́ rẹ lè máa tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n gé ibi tí bàbá yìí ti ń sunkún kúrò. Kò wúlò fún wa."

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bẹ̀rù ọkùnrin yìí. "Rárá o, sà," mo ní. "N kò ní gé e." Mo wá sọ ohun tí bàbá náà ń tọrọ àforíjì fún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti na èmi," ó ní. "Má gé e."