Irin Ẹsẹ̀ Ràfíátù

Ẹnu mi ni mo fi ba ẹsẹ̀ Ràfíátù jẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ sì máa ń ní kí n sọ nípa àwọn ọmọ tí mo mú rìn. Wọ́n pọ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kò rìn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi lọ sí Lálúpọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti jà. Màá wọ bọ́lẹ̀kájà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgboògùn, àwọn ìyá á sì pọn ọmọ wọn wá láti abà. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Anasẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, nítorí nínà ni mo máa ń na ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà. Bí àwọn ọmọ bá ti gbúròó mi báyìí, ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ní awo nínú. Bí àrùn yìí bá mú ẹsẹ̀ rọ, tí orúnkún wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́, iṣan á súnkì, kò sì ní í fẹ́ nà mọ́. A ó máa nà án, lẹ́yìn náà a ó fi irin há a: ọ̀pá irin méjì láti itan dé ìsàlẹ̀ bàtà, pẹ̀lú awọ tí a fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ń wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, orúnkún kò ní ráyè ká, ọmọ á sì lè dúró.

Ọmọ àgbẹ̀ kan ni Ràfíátù, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ìdí ló fi ń wọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé bó bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, òun á gbà á sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ohun tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn.

“Nọ́ọ̀sì,” ọmọ náà bi mí, “kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, ṣé ẹsẹ̀ mi á ti gbé mi?”

Mo ní, “Á gbé ẹ.”

Àgbò tí bàbá rẹ̀ ń sìn de Iléyá ni wọ́n tà kí irin náà tó jáde. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́ fún un, ó di tábìlì mú, ó dúró, ìyá rẹ̀ sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ tó ń sunkún. Mo ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ fún un dáadáa. Mi ò sọ pé lójoojúmọ́. Mo rò pé ìyẹn kò lè ṣòro láti mọ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá. Irin ń dán, awọ ń dán, ìsàlẹ̀ bàtà mọ́ tónítóní. Inú mi dùn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sókè kí àwọn ìyá tó kù lè rí i.

“Ẹ wò ó o! Báyìí la ṣe ń tọ́jú nǹkan! Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ́ ọ lára ìyá Ràfíátù.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn bojú.

Lẹ́yìn èyí òjò ba ọ̀nà jẹ́, afárá kan wó, mi ò sì lè dé Lálúpọn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo débẹ̀, irin kò fẹ́ wọ Ràfíátù mọ́. Orúnkún rẹ̀ ti ká. Mo rò pé ọmọ náà ló dàgbà, mo fún awọ náà le, ó sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàtà náà ṣì ń dán. Ìgbà tí mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì ni mo ronú pé bàtà tí ọmọ ń fi rìn lójoojúmọ́ kì í dán bẹ́ẹ̀.

Mo ní màá bá wọn délé lọ́jọ́ náà. A ò tíì rìn jìnnà tí ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ irin lẹ́sẹ̀ ọmọ, tó fi etí aṣọ nù ún, tó wé e sínú ìró funfun kan, tó wá pọn ọmọ rẹ̀.

“Ìyá Ràfíátù, kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Mo fẹ́ gbé e pa mọ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Erùpẹ̀ pọ̀ lọ́nà.”

“Ìgbà wo ló wá ń wọ̀ ọ́?”

“Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Ó sì wọ̀ ọ́ lọ yídì lọ́jọ́ Iléyá.”

Mo mú ohùn le. “Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbé e pa mọ́?”

Ó yíjú wò mí, ọ̀rọ̀ mi kò yé e. “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ yìn mí?”

Èmi náà ní bàtà ọjọ́ Ìsinmi nílé, nínú páálí, tí mo fi bébà wé. Ó yẹ kí n mọ̀.

Ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì ni mo fi ká àwọn ìyá yòókù mọ́lé. Ọ̀kan ti so irin ọmọ rẹ̀ mọ́ àjà. Òmíràn tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Kí n tó la ẹnu mi yin ìyá Ràfíátù, inú ẹrẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí ti ń wọ tiwọn. Ọpẹ́ ni pé a tètè bá tiwọn.

Ẹsẹ̀ Ràfíátù kò ṣe é nà mọ́. Wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn wa n'Íbàdàn, mo ń nà án láàárọ̀, mo ń nà án nírọ̀lẹ́. Òun náà mú un mọ́ra, kò ké mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tó yá, ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fọwọ́ kan orúnkún náà, ó mi orí.

“Ó ti gan,” ó ní. “Má fìyà jẹ ẹ́ mọ́.”

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé lóṣù Ṣẹ́rẹ́. Ràfíátù kò lọ.

Nígbà tí mo tún padà sí Lálúpọn, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n wá. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó tú ìró funfun náà, ó gbé irin lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ bá wa fún ọmọ mìíràn, Nọ́ọ̀sì. Tuntun ló ṣì wà.”

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó bá a mu. Mo wọ̀ ọ́ fún un, àfi bí ìyá ọmọ náà ṣe fa etí aṣọ rẹ̀ yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin. Mo bọ́ ọ padà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, mo gbé e jáde síta, mo kúnlẹ̀ lórí yangí, mo sì ń fi bàtà náà ha ilẹ̀ kí dídán lè kúrò lára rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Ràfíátù ti ké sí mi. “Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o! Ẹ máa bà á jẹ́!”

Mi ò lè gbójú sókè wò ó. Mo ń ha á lọ.