Mọ́tò Tí À Ń Fọ̀ Tí Kì Í Jáde

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, Ọgbà ní Èkó là ń gbé, nínú ilé kan tí igi máńgòrò wà ní àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìjọba ológun, láyé SAP tí ohun gbogbo wọ́n gógó, ẹ ó rántí bí epo mọ́tò ṣe máa ń dàwátì. Ilé iṣẹ́ abọ́ kan ní Ìkẹjà ni Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní mọ́tò àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mọ́tò ti wà lábẹ́ máńgòrò.

Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bí a bá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tán, èmi àti àwọn àbúrò mi gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ni a fi ń fọ ẹrẹ̀ tí kò sí lára táyà. Bàbá kò fẹ́ kí ará ilé sọ pé mọ́tò àwọn ti kú. Ẹni tí kò bá fọ ẹ̀yìn táyà dáadáa yóò kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ sókè, èèrà máńgòrò yóò sì máa bá a ṣeré. Bí a bá parí, Bàbá á wọnú rẹ̀, wọn á fa bíréèkì ọwọ́ sókè gan-an, nítorí olè.

Ọdún náà ni bàbá Bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú wọn ń bọ̀, Bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí ni yóò sì dúró sípò wọn láti pa àgbò ẹbí. Ìyá àgbà, ìyá Bàbá mi, ránṣẹ́ pé: "Bí Ràṣídì ò bá dé, ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kan ọ̀bẹ."

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Bàbá rí epo rà. A so àgbò sínú búùtù, a fi igi gbé ìdérí rẹ̀ sókè kí ó lè máa mí. Bí a ṣe kúrò ní Ọgbà, mọ́tò ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Àgbò yìí ló wúwo," Bàbá ní.

"Àgbò wo? Èyí tí a lè ka egungun ìhà rẹ̀ yìí?" Màmá dáhùn. "Bàbá Sìkírá, ọdún la fẹ́ lọ ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

A dé Agége, òórùn kan sì gba inú mọ́tò, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú bá jó aṣọ. Màmá ní kí Bàbá dúró. Wọ́n mú búta àlùwàlá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ta omi sí irin àárín táyà ẹ̀yìn kan. Irin náà kò dún. Wọ́n ta á sí ti ìkejì: "Ṣàà!" Bí wọ́n ṣe ń dán áyọ́ọ̀nù wò nílé gan-an nìyẹn. Ẹ má da omi lé irin gbígbóná o. Ìkán díẹ̀ ni Màmá ta sí i.

A rí mẹkáníìkì kan nítòsí, Ọ̀gá Múfú. Ó gbé mọ́tò sókè, ó tú táyà. Kálípà, irin tí ń fún bíréèkì mọ́ra, ti dípẹtà, kò sì tú ẹsẹ̀ mọ́tò sílẹ̀ mọ́.

"Alàájì, ṣé mọ́tò yìí ti pẹ́ lórí ìdúró?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ṣùgbọ́n à ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé."

Ọ̀gá Múfú bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ ń wẹ ìyàwó, ẹ tún ń tì í mọ́lé! Ẹ da omi sí i, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ò jẹ́ kó rìn. Kí ni kò ní dípẹtà?"

Màmá wo Bàbá, wọ́n wo búùtù. "Ẹ bẹ àgbò," ni wọ́n wí.

Oòrùn ti ń ga sí i, Bàbá sì ń wojú ọ̀run. Bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ ni irin róbótó inú kálípà ń yọ jáde. Ọ̀gá Múfú fi sáńpépà kíkúnná ha ìpẹtà rẹ̀, ó fi epo bíréèkì fọ̀ ọ́, torí pé pẹtiróò máa ń ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó fi gíríìsì pa ibi tí kálípà ti ń lọ tí ó ti ń bọ̀, ó sì tú okùn bíréèkì ọwọ́ tó ti gan. Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó wá ń lé afẹ́fẹ́ inú bíréèkì jáde: "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Alàájì! Ẹ dì í mú! Ó tó, ẹ fi sílẹ̀!" Èmi di okùn àgbò tí a ti sọ̀ kalẹ̀ mú, òun náà di etí ìró Màmá mú, ó ń jẹ ẹ́.

"Sìkírá, wá yí i wò," ni Bàbá pè mí.

Mo fi ìka kan ti irin àárín táyà náà. Ó yí, ó yí, kò fẹ́ dúró. Bàbá mí kanlẹ̀.

Ìrun Màgàríbì ni wọ́n ń pè nígbà tí a wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá fi òkúta di táyà. Wọn kò fọwọ́ kan bíréèkì ọwọ́. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bẹ ọkọ wọn wà lórí itan wọn nínú aṣọ funfun. Wọn kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi na ọ̀bẹ náà sí Bàbá mi. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó gbà á.

Láti ìgbà náà, a kì í fọ mọ́tò wa láìkọ́kọ́ tì í síwá sẹ́yìn. Lóde òní, iná pupa ni ń tàn níwájú awakọ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́; láyé tiwa, imú Màmá ni. Àwọn ọmọ wa ń sanwó kí wọ́n bá wọn fọ mọ́tò, wọn ò mọ ẹ̀yìn táyà. Ṣùgbọ́n epo tún ti wọ́n, mọ́tò èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà ń pẹ́ nílé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́gbọ́n lára wa. Mọ́tò tí ẹ bá gbé kalẹ̀, ẹ máa mú un rìn. Bí ìyá yín bá sì ń retí yín nílé, ẹ má dúró di ìgbà tí Iléyá ku ọ̀la kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ṣì lè gbé yín débẹ̀.